Wọ́n fún wa ní kábínẹ́ẹ̀tì tí a ó máa po kẹ́mò nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ san owó àyẹ̀wò rẹ̀

Owó àyẹ̀wò ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo ohun tí a lọ kọ́ di asán. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí fún ẹ̀yin apoògùn tí ilé ìwòsàn yín fẹ́ bá àwọn òyìnbó ṣe irú àdéhùn tí a ṣe.

Ilé ìwòsàn ìjọba kan nílẹ̀ Yorùbá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ìwòsàn kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì bá wa dá àjọṣe sílẹ̀: wọ́n á kọ́ àwa apoògùn bí a ṣe ń po oògùn jẹjẹrẹ, èyí tí a ń pè ní kẹ́mò, láìfi ẹ̀mí ara wa, ti nọ́ọ̀sì tàbí ti aláìsàn wewu, wọ́n á sì fi kábínẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, ìyẹn ẹ̀rọ bí àpótí tí a ń ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láti po oògùn. Ti físà, ìwé ìrìnnà àti yíyan àwọn tó máa lọ, mi ò ní í fi ìyẹn dá yín dúró. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ̀ ọ́n.

Tẹ́lẹ̀, orí tábìlì wọ́ọ̀dù ni àwọn nọ́ọ̀sì ti ń po kẹ́mò, lábẹ́ fáànù, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ kan péré. Oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ kò mọ ara aláìsàn yàtọ̀ sí ara ẹni tó ń pò ó. Láti 1979 ni àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Finland ti yẹ ìtọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń fọwọ́ kan oògùn wọ̀nyí wò, tí wọ́n sì rí àmì ohun tó lè ba àbùdá ara jẹ́ níbẹ̀. Ní 2004, NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ààbò òṣìṣẹ́, kìlọ̀ gbangba pé ó lè mú kí ara sú, kí oyún bàjẹ́, kí ènìyàn má rọ́mọ bí, àní ó lè fa jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Ìwé ìkìlọ̀ yẹn ni mo tẹ̀ jáde tí mo gbé lọ bá àwọn aláṣẹ wa, òun ló sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn.

Ẹ̀kọ́ náà dára, mi ò ní í purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n bu omi tí wọ́n po fluorescein, aró kan tó ń tàn lábẹ́ iná ultraviolet, mọ́ sínú ìgò bí ẹni pé oògùn ni, wọ́n ní kí á pò ó. Nígbà tí a parí, wọ́n paná, wọ́n tan iná ultraviolet. Gbogbo ibi tó ta sí ló ń tàn: ọwọ́ aṣọ, etí tábìlì, ìdí sírínjì, okùn ìbòjú ẹnì kan. A tún un ṣe títí ìbọ̀wọ́ mi fi mọ́ tónítóní lábẹ́ iná yẹn, mo sì ń fi ìyẹn yangàn títí dòní. Ti vincristine, ọ̀kan nínú àwọn oògùn jẹjẹrẹ, náà wà ńbẹ̀. Oògùn yìí ń pa ènìyàn bí wọ́n bá ṣèèṣì gún un sí ọ̀pá ẹ̀yìn, torí náà ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ṣe sọ ní 2007 pé inú àpò omi kékeré ni kí wọ́n máa pò ó sí, kí ó má wà nínú sírínjì tí wọ́n lè ṣèèṣì gún síbẹ̀ mọ́. Kí kábínẹ́ẹ̀tì tó dé rárá ni mo ti yí ìyẹn padà ní ọ̀dọ̀ wa.

Kábínẹ́ẹ̀tì dé. Yàrá ti wà nílẹ̀, a ti kùn ún. Gbogbo ènìyàn ń retí pé a ó bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n a kì í kàn tan irú ẹ̀rọ yìí kí á jókòó tì í. Afẹ́fẹ́ ló fi ń dáàbò boni. Ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé láti iwájú kí ohun tó bá fọ́n má baà kàn wá lójú, ó sì ń da afẹ́fẹ́ tó ti gba inú asẹ́ HEPA (asẹ́ tó ń gba eruku tí ojú kò lè rí) kọjá sórí oògùn. Bí ọkọ̀ bá mì ín tìtì lójú ọ̀nà, tí rọ́bà etí asẹ́ ṣí díẹ̀, ẹ̀rọ náà á ṣì máa dún, iná rẹ̀ á ṣì máa tàn, oògùn á sì máa jáde. Nítorí èyí ni ìlànà NSF/ANSI 49 tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò fi ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ojú ibi tí ó dúró sí kí á tó lò ó, nígbàkígbà tí a bá gbé e kúrò lójú kan, àti lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán lọ́dún.

Ta ni yóò sanwó? Mo kọ̀wé sí àwọn alájọṣe wa. Wọ́n ní wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò níbi tí wọ́n ti ṣe é, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú páálí. Mo fèsì pé páálí yẹn ti gun ọkọ̀ ojú omi, ó ti gun tírélà. Wọ́n ní owó tí àwọn yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ ti tán. Mo lọ sí ẹ̀ka akáǹtì wa, wọ́n ní ẹ̀bùn kì í ní owó nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Fáìlì mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, àwọn yẹn sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, torí pé ó tàn nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Èyí ló bí mi nínú jù. Ẹni tí kò ní ohun tí a fi ń wọn eré afẹ́fẹ́, tí kò tan èéfín wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, fọwọ́ sí ìwé pé ẹ̀rọ ààbò dára! Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Mo ní rárá. Wọ́n ní mo ń ṣàṣejù, ṣebí orí tábìlì la ti ń pò ó tẹ́lẹ̀. Mo ní ẹni tó ń pò ó lórí tábìlì mọ̀ pé ewu wà, ó ń ṣọ́ra. Ẹni tí ẹ bá sọ fún pé ẹ̀rọ ń dáàbò bò ó, ojú ni yóò fi sún mọ́ ọn.

Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn nọ́ọ̀sì ṣì ń po kẹ́mò ní wọ́ọ̀dù. Ọ̀kan nínú wọn wà nínú oyún. Mo lọ bá Mètírọ̀n, mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan oògùn yìí mọ́." Wọ́n wò mí. "Ọmọ mi, ta ni kí n fi rọ́pò rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ lọ kọ́ ọ nílùú òyìnbó, ẹ̀rọ yín ńkọ́?" Mi ò rí èsì fọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn, àwọn tó kù sì fi iṣẹ́ rẹ̀ kún tiwọn.

Láábù ikọ́ ẹ̀gbẹ ló yọ wá. Irú kábínẹ́ẹ̀tì yìí ni wọ́n fi ń yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò, ẹnjiníà kan sì ń wá láti Èkó lọ́dọọdún wá yẹ tiwọn wò. Mo bẹ ọ̀gá láábù pé kí ó yà sọ́dọ̀ wa nígbà tó bá wá, kí á san owó iṣẹ́ nìkan, láìsan ti ọkọ̀ àti ibi tí yóò sùn. Owó náà wálẹ̀ débi pé ẹ̀ka akáǹtì kò rí ohun tí wọ́n máa fi kọ̀ ọ́.

Ẹnjiníà tan èéfín síwájú kábínẹ́ẹ̀tì. Èéfín tó yẹ kó wọlé ń ṣẹ́rí padà sí wa lójú. Fáànù òkè àti ilẹ̀kùn tó dojú kọ ẹ̀rọ ń da afẹ́fẹ́ rẹ̀ rú. Nígbà tó dé orí asẹ́, rọ́bà igun kan ti ṣí, ó ń jò. Mo pe gbogbo àwọn tó ní mo ń ṣàṣejù kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i. Wọ́n wá, wọ́n wò ó, kò sẹ́ni tó fọhùn. Inú mi dùn, inú sì tún bí mi, torí ènìyàn ni ìbá ti jókòó síbẹ̀.

A yọ fáànù, a gbé ẹ̀rọ kúrò lọ́ọ̀kán ilẹ̀kùn, ó tún rọ́bà ṣe, ó tún un yẹ̀ wò, ó yege. A ra ínfátà tí kò gbé nǹkan mìíràn, torí bí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí ọwọ́ ẹni wà nínú rẹ̀, ààbò yẹn ti lọ nìyẹn.

Ohun tí mo máa sọ fún yín ni pé kí ẹ kọ owó àyẹ̀wò sínú àdéhùn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i: ti àkọ́kọ́, ti ọdọọdún, ti asẹ́ tuntun. Àjọ WHO ti gbé ìwé jáde ní 2011 lórí bí ó ṣe yẹ kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ ìwòsàn tọrẹ, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ẹ̀rọ sì wà níbẹ̀. Ẹ gbé e síwájú wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà mọ sọ́dọ̀ apoògùn. Ọ̀kan nínú àwa tí a jọ lọ ti jápa. Àwọn tó ń tọ́jú ilé ńkọ́, tí wọ́n ń da ìtọ̀ aláìsàn nù, nígbà tí oògùn ṣì lè wà nínú ìtọ̀ yẹn fún nǹkan bíi wákàtí 48? Kò sẹ́ni tó rántí wọn. Èmi ni mo kọ́ wọn, pẹ̀lú fluorescein àti tọ́ọ̀ṣì tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ náírà wò.

Ìbọ̀wọ́ la ń bá wọn fà báyìí. Èyí tó wá pẹ̀lú ẹ̀bùn ti tán, èyí tí wọ́n ń rà fún wa fẹ́lẹ́, kò sì sí ohun tó fi hàn pé wọ́n dán an wò fún kẹ́mò. ASTM D6978, nọ́ńbà ìlànà tí wọ́n fi ń dán ìbọ̀wọ́ wò fún kẹ́mò, ni kí ẹ máa wá lára páálí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó gbé e wá.