Bí mo ṣe dé Stockholm lọ sùn nínú ọkọ̀ ojú omi, àti ohun tí ojú mi rí ní káńtà

Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí mo kọ́kọ́ rà yẹn ṣì ń dùn mí dòní. Kì í ṣe pé ó wọ́n o, tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú ni, àmọ́ mi ò wọ bàálù yẹn rárá, mo tún wá san owó tó jù ú lọ dáadáa kí n tó dé ibi tí mò ń lọ, gbogbo ẹ̀ torí pé àwọn òṣìṣẹ́ kan ní káńtà ò mọ ìwé tó yẹ kí wọ́n mọ̀, wọn ò sì fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí n kọ eléyìí sílẹ̀, kí ẹlòmíì tó ń kàwé ní Jámánì tó fẹ́ jáde ní wíkẹ́ńdì má bàa kó sínú irú ẹ̀.

Hamburg ni mo ti ń kàwé. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ò le: kí n jáde ní Fúráídè lẹ́yìn kíláàsì, kí n fò dé Stockholm, olú ìlú Sweden, kí n sùn nínú af Chapman, kí n padà ní Sọ́ńdè. Af Chapman yìí, ọkọ̀ ojú omi gidi ni, onígbòkun tó ní òpó mẹ́ta. Ìlú Whitehaven ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kàn án ní 1888, Dunboyne lorúkọ ẹ̀ nígbà yẹn, ẹrù ló ń kó kiri orí òkun kó tó di pé àwọn ológun ojú omi Sweden rà á ní 1923, wọ́n sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn. Láti 1949 ló ti di hostel, ibi tí arìnrìn-àjò ti ń sùn ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ̀gbẹ́ erékùṣù Skeppsholmen ni wọ́n so ó mọ́, àárín ìlú gan-an, tó o bá dúró lórí ẹ̀ wàá máa wo ìlú àtijọ́ Gamla Stan ní òdìkejì omi. Ó pẹ́ tí mo ti ń wo fọ́tò ẹ̀ lórí fóònù, mo ti sọ fún ara mi pé mi ò ní parí ẹ̀kọ́ mi kí n má sùn nínú ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń búùkù bẹ́ẹ̀dì, mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ibi tí wàhálà wà.

Káàdì ìgbélùú mi ti tán. Àmọ́ mo ti kọ̀wé fún tuntun kó tó tán, bó ṣe yẹ, ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn àjèjì sì fún mi ní Fiktionsbescheinigung kí tuntun tó jáde. Ọmọ Nàìjíríà tó bá wà ní Jámánì á mọ ìwé yìí, Fiktion la máa ń pè é. Ojú ìwé kẹta ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àpótí kékeré mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n á fa àmì sí ọ̀kan. Tó bá jẹ́ àkọ́kọ́ tàbí èkejì, o lè máa gbé Jámánì lọ, àmọ́ tó o bá jáde, ìwé yẹn ò lè mú ẹ wọlé padà, wàá nílò físà. Tó bá jẹ́ ẹ̀kẹta, ìyẹn èyí tó bá abala 81 ẹsẹ kẹrin nínú òfin ìgbélùú wọn mu, káàdì tó ti tán yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ bíi pé kò tíì tán, o lè jáde, o lè wọlé, kó o sáà ti kó pásípọ́ọ̀tì àti káàdì àtijọ́ yẹn mọ́ ọn. Jámánì ti kọ ọ́ sínú àkójọ ìwé tí gbogbo ilẹ̀ Schengen ń lò, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ṣí ẹnubodè sí ara wọn, èyí tó jẹ́ pé ẹ̀tọ́ tó wà lára káàdì, pé o lè lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ nínú ọgọ́sàn-án ní ilẹ̀ Schengen mìíràn, ìwọ náà ní i.

Ẹ̀kẹta ni tèmi. Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń gbé hostẹ́ẹ̀lì ló kọ́kọ́ fi ìka tọ́ ọ hàn mí, mo tún fi ímeèlì bi ọ́fíìsì, wọ́n dá mi lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mo lè lọ. Mo tẹ ímeèlì yẹn jáde sórí bébà. Èmi ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú nǹkan kan.

Mo dé pápákọ̀ tètè, tíréènì S1 láti Hauptbahnhof, ibùdókọ̀ ńlá Hamburg, ò tó ìdajì wákàtí. Fóònù ti kọ̀ láti fún mi ní boarding pass láti ilé, ó ní kí n lọ sí káńtà kí wọ́n wo ìwé mi, bó ṣe máa ń rí nìyẹn fún àwa tá ò ní pásípọ́ọ̀tì Yúróòpù. Obìnrin tó wà níbẹ̀ gba pásípọ́ọ̀tì mi, ó gba káàdì, ó fi èékánná sórí ọjọ́ tó tán, ó ní "ó ti tán." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo eléyìí, mo ṣí Fiktion sí ojú ìwé kẹta. Kò tiẹ̀ wò ó. Ó ṣí i padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní òun ò rí irú ẹ̀ rí, ó ní kí n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ̀gbẹ́ kan yẹn ni mo wà tí gbogbo èèyàn tó wà lẹ́yìn mi fi ń kọjá lọ. Ó tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, ó pe ẹnì kan, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní kí ẹni tó tò tẹ̀ lé mi máa bọ̀. Ó pẹ́ kí ọ̀gá wọn tó yọjú, ojú ìwé àkọ́kọ́ lòun náà wò, ó ní eléyìí kì í ṣe físà. Mo ní mi ò pè é ní físà, ẹ ṣí ojú ìwé kẹta. Mo fún un ní ímeèlì tí mo tẹ̀ jáde, ó ní ẹnikẹ́ni ló lè kọ ímeèlì. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gan-an. Orúkọ ọ́fíìsì ìjọba orílẹ̀-èdè tiwọn ló wà lókè ìwé náà o! Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó pe ọlọ́pàá pápákọ̀, àwọn ni wọ́n ń ṣọ́ ẹnubodè, àwọn ló mọ̀ ọ́n, ó ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ àwọn.

Mo kó ìwé mi, mo sáré lọ bá Bundespolizei, àwọn ọlọ́pàá pápákọ̀ yẹn, fúnra mi. Ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ ṣí i tààrà sí ojú ìwé kẹta, ẹ gbọ́ mi dáadáa, tààrà, láìjẹ́ pé mo sọ fún un, ó wo àpótí, ó wo káàdì àtijọ́, ó ní kò sí ìṣòro. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi fi fóònù pè wọ́n, ó pè wọ́n. Nígbà tí mo fi máa dé káńtà padà, wọ́n ní àkókò ti lọ, àwọn ti tilẹ̀kùn. Àwọn tó dá mi dúró náà ló ń sọ fún mi pé mo pẹ́.

Ohun kan tí mo ṣe níbẹ̀ tí inú mi ń dùn sí títí dòní: mi ò pariwo, mi ò bú ẹnikẹ́ni, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi pé àwọn ò gbé mi, kí wọ́n sì kọ ìdí ẹ̀. Ọ̀gá yẹn kọ́kọ́ kọ̀, mo dúró, mo ní mi ò ní kúrò níbẹ̀, ó wá kọ ọ́. Bébà kékeré yẹn ló lágbára jù nínú gbogbo ohun tí mo mú kúrò níbẹ̀. Òfin Yúróòpù kan wà, 261 ti ọdún 2004, tó sọ pé tí wọ́n bá kọ̀ láti gbé ẹ tó ò sì jẹ̀bi, tí ìrìn àjò náà ò ju kìlómítà 1,500 lọ, yúrò 250 ni wọ́n máa san fún ẹ. Ibi tí wọ́n ti máa ń sá fún un ni pé tí ìwé èèyàn ò bá pé, wọn ò ní sanwó. Ìwé tèmi pé. Tí wọn ò bá kọ ìdí sílẹ̀, wọ́n á padà wá sọ pé ìwọ lo pẹ́ dé.

Mo wọ S1 padà, inú mi ń hó. Inú tíréènì yẹn ni mo ti rántí pé tíréènì òru kan wà nígbà yẹn tó ń ti Berlin bọ̀, tó ń gba Hamburg kọjá lọ sí Stockholm, nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ ló ń gbéra. Bẹ́ẹ̀dì inú ẹ̀ ti tán pátá, ìjókòó ló kù, owó ẹ̀ sì ti lọ sókè torí pé ọjọ́ náà gan-an ni. Mo san án. Mo jókòó sùn, ọrùn dùn mí, àmọ́ mo wà lọ́nà. Nígbà tá a la Denmark kọjá tá a wọ Sweden, ọlọ́pàá wọlé wá wo ìwé. Mo nà án sí i, ojú ìwé kẹta, káàdì, pásípọ́ọ̀tì, ó dúpẹ́, ó kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Ìwé kan náà.

Stockholm nìyẹn láàárọ̀ Sátidé. Mo fi ẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀ dé Skeppsholmen, kò jìnnà, afárá kan ni wàá gbà. Àyè sísùn náà kéré, bẹ́ẹ̀dì orí ara wọn, fèrèsé róbótó tó o lè máa rí omi látinú ẹ̀, ilé ìwẹ̀ wà níta yàrá. Lóru, tí ọkọ̀ kékeré bá kọjá, wàá gbọ́ kí okùn ọkọ̀ máa dún, gbogbo ibẹ̀ á sì mì díẹ̀. Ó dùn mọ́ mi ju gbogbo hòtẹ́ẹ̀lì tí mo ti wọ̀ lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé ní ọ̀pọ̀ hostel ní Sweden, owó aṣọ bẹ́ẹ̀dì yàtọ̀ sí owó bẹ́ẹ̀dì, torí náà ẹ gbé tiyín dání. Owó bébà ò sì wúlò púpọ̀ níbẹ̀, káàdì ni wọ́n ń gbà.

Mo lọ wo Vasa, ọkọ̀ ogun tó rì ní 1628 lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jáde, kò tíì rìn dé kìlómítà méjì tó fi dojú dé, torí pé òkè ẹ̀ wúwo jù ìsàlẹ̀ ẹ̀ lọ. Wọ́n gbé e jáde ní 1961. Tó o bá ní àyè fún nǹkan kan ṣoṣo ní Stockholm, lọ wò ó. Fún ẹni tí omi ò bá tù lára, ọgbà ẹ̀wọ̀n Långholmen, tí wọ́n tì pa ní 1975, ti di ibi tí àlejò ń sùn báyìí.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó kan tó tún bí mi nínú. Mo ti sanwó lílọ àti bíbọ̀ pa pọ̀, ní Sátidé ímeèlì wọlé pé torí pé mi ò wọ ti lílọ, wọ́n ti fagi lé ti bíbọ̀. Tíréènì òru ni mo tún wọ̀ padà ní Sọ́ńdè, bẹ́ẹ̀dì wà lọ́tẹ̀ yìí. Látìgbà yẹn, lọ́tọ̀lọ́tọ̀ ni mo ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lílọ àti ti bíbọ̀, kódà tó bá wọ́n díẹ̀ jù. Ilé iṣẹ́ bàálù náà ní àwọn á fún mi ní voucher, mo ní rárá, owó ni mo fẹ́, ẹjọ́ náà ti wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń parí ìjà láàárín èrò àti ilé iṣẹ́ ọkọ̀, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ìrìn tó kàn ò ní bàálù nínú. Bacharach ni mò ń lọ, létí odò Rhine, mà á wọ ICE, tíréènì tó ń sáré, dé Köln, láti ibẹ̀ Deutschlandticket mi, tíkẹ́ẹ̀tì olóṣooṣù fún àwọn ọkọ̀ àdúgbò, á gbé mi nínú tíréènì RB26. Burg Stahleck ni mo fẹ́ sùn sí, ilé olódi tó ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá, àwọn ọmọ ogun Faransé bà á jẹ́ ní 1689, wọ́n tún un kọ́, hostel ni báyìí. Ẹ forúkọ sílẹ̀ nínú DJH, ẹgbẹ́ tó ni irú hostel yìí ní Jámánì, torí ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń gbà, kẹ́ ẹ sì mú pásípọ́ọ̀tì dání bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò jáde ní Jámánì, torí láti Jánúárì 2025 àwọn ọmọ Jámánì ò ní láti kọ fọ́ọ̀mù àlejò mọ́ níbi tí wọ́n bá sùn, àmọ́ àwa ṣì ń kọ ọ́.