Ẹ má fọwọ́ ara yín ba fótò ìràwọ̀ jẹ́ ní Atacama

Ní aginjù Atacama, lórílẹ̀-èdè Ṣílè, àwọn ibì kan wà tí ọdún lè gorí ọdún kí òjò tó kán níbẹ̀. Ojú ọ̀run ibẹ̀ mọ́ débi pé àjọ ESO ti ilẹ̀ Yúróòpù gbé awò ńláńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ kalẹ̀ sórí òkè Paranal, tó ga tó mítà 2,635. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ayàwòrán ló ń tibẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú fótò tí kò dáa. Ohun tó máa ń dùn mí jù ni pé kì í ṣe kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú ló fà á. Iná ọwọ́ wa ló sábà máa ń fà á.

Ó máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí òkùnkùn tó mọ́ ojú lára. Ẹ wo fóònù lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Iná pupa sàn fún ojú, àmọ́ kámẹ́rà ń rí i: tẹ́ ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì pupa nígbà tí kámẹ́rà ẹlòmíì ṣì lajú sílẹ̀, gbogbo àpáta iwájú rẹ̀ á pọ́n fòò. Ilẹ̀kùn mọ́tò ló burú jù. Ẹ ní kẹ́ ẹ mú omi, ẹ ṣí i, iná inú ọkọ̀ tàn, iṣẹ́ gbogbo ẹni tó wà nítòsí ti bàjẹ́. Ẹ pa iná yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú, kẹ́ ẹ sì kó gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa lò sílẹ̀. Ní Paranal, wọ́n máa ń dí fèrèsé ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sùn lálẹ́, wọn kì í sì í tan iná ńlá mọ́tò lórí òkè.

Ẹ má fi í sílẹ̀ fún kámẹ́rà láti mú kí àwòrán hàn kedere fúnra rẹ̀. Nínú òkùnkùn birimù, kò ní rí nǹkan kan dì mú. Ẹ má sì yí lẹ́ńsì dé òpin, torí ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì ló ń kọjá ibi tí ìràwọ̀ ti ń hàn kedere. Ẹ wá ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀, bíi Canopus tàbí Alpha Centauri, ẹ sọ ọ́ di ńlá lójú kámẹ́rà, kẹ́ ẹ wá rọra máa yí òrùka lẹ́ńsì. Á kọ́kọ́ rí bìrìkìtì, á máa kéré sí i títí á fi dà bíi ṣóńṣó abẹ́rẹ́. Tẹ́ ẹ bá yí i kọjá díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹ dá a padà síbi tó ti kéré jù, kẹ́ ẹ fi téèpù lẹ òrùka náà pa. Òtútù lè mú kó sún láàárín òru, torí náà ẹ tún un wò.

Àwọn tó ti ń ya ìràwọ̀ ní Yúróòpù máa ń wá Polaris kiri, ìyẹn ìràwọ̀ tó ń fi àríwá hàn. Kò sí níbẹ̀. Ìràwọ̀ Sigma Octantis ló wà nítòsí ojúkò gúúsù, ìyẹn ibi tó dà bíi pé àwọn ìràwọ̀ ń yí po, àmọ́ ó ṣe bàìbàì débi pé àwọn kan máa ń fi ìràwọ̀ míì pè é, ẹ̀rọ tó ń yí kámẹ́rà tẹ̀ lé ìràwọ̀ á wá ṣìnà. Ẹ lo Àgbélébùú Gúúsù, ìyẹn ìràwọ̀ mẹ́rin tó tò bí àgbélébùú: ẹ fa ìlà láti orí rẹ̀ gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ààbọ̀ gígùn rẹ̀. Ní Paranal, ojúkò náà fi nǹkan bíi dígíríì 25 ga ju ilẹ̀ lọ. Ní Ìbàdàn, abẹ́ ilẹ̀ ló wà, torí náà ẹni tó ń ti ilé wa lọ náà ní láti kọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ lé ìràwọ̀ yẹn, wọ́n á ní kó pín 500 sí iye mìlímítà lẹ́ńsì rẹ̀, kó lè mọ bó ṣe máa pẹ́ tó tí kámẹ́rà á fi lajú sílẹ̀ kí ìràwọ̀ má bàa fà gùn nínú fótò. Lẹ́ńsì mìlímítà 20 á fún un ní ìṣẹ́jú àáyá 25. Lójú tèmi, ó ti pẹ́ jù fún kámẹ́rà òde òní. 15 ló dáa.

Ẹ má lọ lásìkò òṣùpá àrànmọ́jú. Àárín gbùngbùn Milky Way, ìyẹn ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tó dà bí ìgbànú funfun lójú ọ̀run, máa ń wà lókè orí láti oṣù Okúdù sí Ògún. Ẹni tó bá fẹ́ Ìkùukùu Magellan méjèèjì, ìyẹn ọ̀wọ́ ìràwọ̀ kékeré méjì tó dà bí ìkùukùu, kó lọ láti Bélú sí Ṣẹrẹ, àmọ́ òjò máa ń dé sórí àwọn òkè gíga ìlà-oòrùn lóṣù Ṣẹrẹ àti Èrèlé. Àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ tó bá yọ nínú fótò yín, ẹ má yára pa á rẹ́: ọ́síjìn tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 100 lókè ló ń tàn bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì ti etíkun gba pẹ̀tẹ́lẹ̀ Chajnantor, tó ga tó mítà 5,000, lọ lọ́jọ́ kan náà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, orí á máa fọ́ yín, ojú yín pàápàá ò ní ríran dáadáa lálẹ́. Ẹ kọ́kọ́ sùn ní San Pedro de Atacama, tó ga tó mítà 2,400, fún ọjọ́ mélòó kan, kẹ́ ẹ rọ epo kún táńkì níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì kó bátìrì sápò inú ẹ̀wù kí òtútù má bàa fà á gbẹ.