Spíkà láptọ́ọ̀pù yín ń pariwo? Ẹ má tíì ra tuntun

Kẹ́ ẹ tó gbé láptọ́ọ̀pù lọ bá injiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ariwo yẹn ti ń wá. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́sí, mo sáré ra spíkà, wọ́n bá mi pààrọ̀ ẹ̀, mo délé ní Bódìjà, mo ki ṣájà bọ̀ ọ́, ló bá tún bẹ̀rẹ̀, kùùùù, bí ìgbà tí oyin há sínú agolo. Ṣájà ló ń ṣe é láti ọjọ́ yìí wá! Owó ti lọ, ó dùn mí gan-an.

Ẹ mú orin kan tí gángan dún dáadáa nínú ẹ̀, orin yẹn náà lẹ máa fi dán gbogbo ẹ̀ wò.

Ṣájà lẹ máa kọ́kọ́ yọ, kó máa lo bátìrì nìkan. Tó bá dákẹ́, spíkà ò mọwọ́ mẹsẹ̀, iná ni. Ẹ wo ẹnu ṣájà yẹn, ṣé ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní àbí ẹ ti fi ẹlẹ́sẹ̀ méjì há a? Ẹsẹ̀ kẹta yẹn ló ń kó iná tó bá ń jò lọ sínú ilẹ̀, tí kò bá sí tàbí tí ilé ò ní earthing, ìyẹn wáyà tó wọ ilẹ̀, iná yẹn lè di ariwo, pàápàá tẹ́ ẹ bá so spíkà ńlá mọ́ ọn, tí láptọ́ọ̀pù yín bá sì jẹ́ onírin, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ rọra pa á lára, á dà bíi pé èèrà ń rìn yín lọ́wọ́. Ṣájà ayédèrú, invẹ́tà olówó pọ́ọ́kú, jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré, gbogbo wọn ló lè fa kíkùn yẹn, torí náà ẹ tún un gbọ́ nígbà tí NEPA bá mú iná dé.

Tó bá ṣì ń pariwo lórí bátìrì, ẹ ki íapíìsì bọ̀ ọ́. Íapíìsì dún geere, spíkà ń ta pàràpàrà? Spíkà gan-an nìyẹn. Eruku ọyẹ́ lè ti dí i, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbá ojú ihò ẹ̀, ẹ má fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọ o, awọ fẹ́lẹ́ inú ẹ̀ á ya, tó bá sì ti ya, àfi kẹ́ ẹ wá òmíràn lọ sí Queen Cinema, n'Ìbàdàn níbí.

Tí íapíìsì náà bá ń pariwo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú Windows. Tó bá jẹ́ Windows 11, ẹ lọ sí Settings, System, Sound, ẹ tẹ orúkọ spíkà yín, ẹ pa Audio enhancements, kẹ́ ẹ wá yí Format sí 48000 Hz, tó bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ gbé e sí 44100. Tí kò bá gbọ́, ẹ wọ Device Manager, ẹ yọ dríbà sound, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo spíkà, kúrò, ẹ pa láptọ́ọ̀pù kẹ́ ẹ tún un tàn, Windows á fi òmíràn sí i fúnra ẹ̀. Àwọn tó ń fi VLC gbọ́ orin tàbí wo fíìmù, ẹ má gbé fọ́lúùmù ẹ̀ kọjá 100%, ibẹ̀ ni ohùn ti máa ń ya.

Tó bá wá jẹ́ tẹ-tẹ-tẹ-tẹ lẹ̀ ń gbọ́ kí ìpè tó wọlé, fóònù yín ni, ẹ gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù.