Bí a ṣe ń ṣètò ẹ̀bùn ìdágbére fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS3

Kí ẹ tó ra ife-ẹ̀yẹ kankan, ẹ kọ́kọ́ ní ìwé àkọsílẹ̀. Láti táàmù kìíní ni kí olùkọ́ eré ìdárayá, olùkọ́ orin àti olùkọ́ tó ń bójú tó ilé kọ̀ọ̀kan ti máa kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ ọmọ, ohun tó ṣe, ọjọ́ tó ṣe é. Bí ẹ bá dúró di ìgbà ìdánwò WAEC, ẹni tó gbá góòlù wọlé láìpẹ́ nìkan lẹ máa rántí. Ọmọ tó ń lu agogo ilé-ìwé ní àràárọ̀ fún ọdún kan gbáko á di ẹni ìgbàgbé, èyí sì máa ń dunni gan-an.

Ẹ yan olùkọ́ márùn-ún ṣe ìgbìmọ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní SS3 kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Ẹ̀bùn mẹ́jọ sí méjìlá ti tó. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, iyì rẹ̀ á dín kù.

Nínú ìwé ẹ̀rí tí ẹ máa fún wọn, orúkọ ni àṣìṣe ti máa ń wáyé jù. Ẹ lẹ gbogbo orúkọ mọ́ pátákó ìkéde fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí tirẹ̀, kí ẹ tó gbé e fún atẹ̀wé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ayẹyẹ. “Ṣọlá” kì í ṣe “Sola”.

Ẹ má kọ “eléré ìdárayá tó pegedé” lásán. Ẹ kọ “Ipò kìíní, eré ìje 400 mítà”. Bébà 80 gíráàmù máa ń ká kò. 250 sí 300 ni kí ẹ lò, kí ẹ sì tẹ ìwé ẹ̀rí méjì tí kò ní orúkọ pamọ́ fún àtúnṣe.