Bí Mo Ṣe Yan Ọ́ìlì fún Báà àti Ṣéènì Ẹ̀rọ Ìgégi Mi

Igi arère ńlá kan wó sínú oko kòkó wa lẹ́bàá Oǹdó lásìkò òjò, èmi ni mo sì gbé ẹ̀rọ ìgégi lọ láti gé e kúrò lórí àwọn kòkó tó tẹ̀ mọ́lẹ̀. N kò tíì lo wákàtí kan tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí rú lára báà, ìyẹn irin pẹlẹbẹ gígùn tí ṣéènì ń sáré yí ká. Nígbà tí mo pa ẹ̀rọ, tí mo sì tú u, etí irin náà ti di aláwọ̀ búlúù bí irin tó pẹ́ nínú iná alágbẹ̀dẹ. Pẹtiróòlù ti ń tán lọ, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ṣì kún táǹkì tirẹ̀ dẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ńṣe ló yẹ kí àwọn méjèèjì jọ máa dín kù.

Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ni mo rọ sí i, ọ́ìlì tí wọ́n tú kúrò lára mọ́tò, torí òun ni àwọn agégi tí mo mọ̀ ń lò, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Mo da díẹ̀ sórí aṣọ funfun, mo jẹ́ kí ó sẹ́, mo wá fi ìka ra ohun tó kù: ó rí bí iyanrìn kíkúnná. Irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ ló dí ihò kékeré tí ọ́ìlì ń gbà bọ́ sára báà. Ohun tó tún kó ìrònú bá mi ni pé ọ́ìlì ṣéènì kì í padà sínú táǹkì. Gbogbo rẹ̀ ni ṣéènì ń fọ́n dànù sórí ilẹ̀ oko, sára aṣọ àti ọwọ́ ẹni tó ń gégi, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ti lò ní àwọn èròjà tó lè fa jẹjẹrẹ awọ ara bí ó bá ń kanni léraléra. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń fi iṣẹ́ yìí jẹun, ẹ má lò ó mọ́.

Epo pupa kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n a máa dì lówùúrọ̀ ọyẹ́. Òróró kì í tètè dì, àmọ́ bí a bá gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, á gan mọ́ inú rẹ̀ bí oje igi.

Ìlú ni mo ti rí ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún báà àti ṣéènì gan-an. Mo fi àtàǹpàkò àti ìka kan tọ́ ọ wò, mo rọra yà wọ́n, ó sì fà gùn bí ilá kí ó tó já. Fífà yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀: ṣéènì lè sáré tó mítà 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọ́ìlì tí kò bá sì lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa yóò fò dànù ní orí báà kí ó tó dé ìsàlẹ̀ níbi tó ti ń gé igi. Nítorí pé ó wọ́n, mo ra ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tuntun, SAE 40 (nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó), pamọ́ fún ọjọ́ tí n kò bá rí i. SAE 30 fúyẹ́ jù ú lọ, oòrùn wa yóò sì tètè sọ ọ́ di omi. Ọ́ìlì tí a ń pò mọ́ pẹtiróòlù yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí, ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀.

Mo fi wáyà ha ojú ihò àti kòtò báà, mo fọ̀ ọ́, mo sì yí i dojú dé kí etí kejì lè ṣiṣẹ́. Mo rọ ọ́ìlì báà àti ṣéènì sínú táǹkì, mo wá na orí báà sí páálí kan láìjẹ́ kí ó kàn án, mo fún ẹ̀rọ ní iná: ìlà ọ́ìlì tẹ́ẹ́rẹ́ kan hàn lórí páálí náà. Nígbà tí mo dán SAE 40 wò, òun náà yọ, ṣùgbọ́n ó fọ́n káàkiri. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí pẹtiróòlù táǹkì kan tán, ọ́ìlì kò ju díẹ̀ lọ nísàlẹ̀ táǹkì tirẹ̀, etí báà sì funfun bí mo ṣe fọ̀ ọ́.