Bí mo ṣe fi irin kíkúnná wá ásẹ́níìkì nínú kànga kan ní Kétu

Ìyá àgbà tó ni kànga rí kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o ò ní da oògùn sómi mi?" Mo ní, "Rárá o, ìyá, mo kàn fẹ́ bù níbẹ̀ ni." Omi ṣọ̀wọ́n ní Kétu, ẹni tó ní kànga kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Májèlé ni ásẹ́níìkì, kò lóòórùn, kò sì yí àwọ̀ omi padà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà kan (máíkírógíráàmù kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù kan). Bébà àyẹ̀wò kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn bó bá kéré tó báyẹn, àfi kéèyàn kọ́kọ́ kó o jọ.

Irin ni mo fi kó o. Mo po iyọ̀ irin oríṣi méjì sínú omi, mo ń kán amóníà sí i. Lójijì, ó dú bí aró. Isu gbígbẹ tí a kò tíì lọ kì í mumi bí èlùbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin tó kúnná tó báyìí ṣe ń fa ásẹ́níìkì mọ́ra. Mo gbé mágínẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ife, gbogbo dúdú náà rọ́ lọ sísàlẹ̀, omi mọ́ kedere. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é. Iṣẹ́ kò gba bẹ́ẹ̀, ó kàn dùn ún wò ni.

Mo wọn omi kànga náà ní lítà méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo fi máíkírógíráàmù 10 ásẹ́níìkì sí èkejì. Mo da irin sí wọn, mo rò wọ́n, mo fi mágínẹ́ẹ̀tì kó irin náà jáde, mo sì fi mílílítà 50 omi sódà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, fọ ásẹ́níìkì kúrò lára rẹ̀: ohun tó wà nínú lítà kan ti ki ní ìlọ́po 20. Ó ku ásíìdì àti sínkì nínú ìgò, tó ń sọ ásẹ́níìkì di gáàsì, bébà àyẹ̀wò lẹ́nu rẹ̀: bí ásẹ́níìkì bá wà, bébà á pọ́n. Gáàsì ibẹ̀ ń pani, ìta gbangba ni mo ti ṣe é.

Bébà méjèèjì funfun! Èyí tí mo fọwọ́ ara mi fi ásẹ́níìkì sí náà funfun. Ká ní n kò ṣe ti èkejì ni, ǹ bá ti lọ kí ìyá kú oríire.

Irú ásẹ́níìkì tí mo lò, tí wọ́n ń pè ní oníkẹta, kò ní agbára iná mànàmáná lára nínú omi, ó lè yọ́ kọjá lára irin. Mo kán pẹ̀máńgánéètì, kẹ́míkà aláwọ̀ àlùkò kan, sí omi tuntun títí tó fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kó lè di oníkarùn-ún, irú tó ní agbára iná lára tí irin ń fà mọ́ra, mo wá tún gbogbo rẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Bébà kejì pọ́n bí ìyeyè. Ti kànga ṣì funfun.

Ìyá ní, "Ṣé tẹ̀ẹ̀rùn náà á rí bẹ́ẹ̀?" Mo ní màá padà wá bù ú nígbà náà.