Tí wọ́n bá ti ní "ìwádìí fi hàn": bẹ́ ẹ ṣe lè wá ẹni tó sanwó ẹ̀ kàn

Àǹtí mi kan ló kó mi síṣẹ́ yìí. Wọ́n fi fídíò kan sí group ìdílé wa lórí WhatsApp, ọkùnrin kan wọ aṣọ funfun bíi ti dókítà, ó ní sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé tíì kan báyìí máa ń yọ́ ọ̀rá ikùn láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó tún ń fi ọ̀pá tọ́ka sí àwòrán ìlà kan tó ń lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo ní àǹtí, ẹ dákun, ta ló ṣe ìwádìí ọ̀hún? Wọ́n ní "ṣé ìwọ ò rí i pé òyìnbó ni?" Ó pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ mo wá a lọ, kò gbà mí tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí mo fi rí i pé ẹni tó ń ta tíì yẹn gan-an ló sanwó ìwádìí, èèyàn méjìdínlógún péré ni wọ́n lò, wọn ò sì fi wọ́n wé ẹnikẹ́ni tí kò mu ún. Àtìgbà yẹn ni wọ́n ti ń kó gbogbo nǹkan ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti ń sú mi díẹ̀, torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí n kọ bí mo ṣe ń ṣe é sílẹ̀, kí kálukú máa ṣe tiẹ̀. Fóònù àti dátà ti tó, ẹ ò nílò kí ẹ jẹ́ dókítà.

Ìwé ìwádìí yẹn fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, ẹ fi ìròyìn tó ń sọ nípa ẹ̀ sílẹ̀ ná. Tí wọ́n bá dárúkọ jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ti ń tẹ ìwádìí jáde, tàbí olùwádìí, tàbí ọdún, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí Google Scholar tàbí PubMed, sáìtì tí wọ́n ti ń wá ìwé ìwádìí ni wọ́n, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Tí wọn ò bá dárúkọ ẹnikẹ́ni, tó kàn jẹ́ "àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà sọ pé", ẹ dúró síbẹ̀ jàre, ẹ má fi dátà yín ṣòfò.

Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ má kà á láti òkè, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọrí sí. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run, lókè gbogbo ìwádìí ló jọra wọn, èdè ńlá, nọ́ńbà, tábìlì. Lọ́wọ́ ìsàlẹ̀ ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Funding" sí, tàbí "Competing interests", "Conflict of interest", "Disclosures", "Funding" ló ń sọ ẹni tó sanwó ìwádìí, àwọn mẹ́ta yòókù ń sọ ohun tó da àwọn olùwádìí fúnra wọn pọ̀ mọ́ kọ́ńpìnì. Láti 2017 ni PubMed ti ń gbé "Conflict of interest statement" sábẹ́ àkópọ̀ ìwádìí tí jọ́nà bá fi ránṣẹ́ sí wọn, nítorí náà bí wọ́n bá tiẹ̀ ní kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó ka odindi ẹ̀, ẹ ṣì lè rí ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí "employee", òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnì ni, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. "Consultant" ni ẹni tí wọ́n ń sanwó fún kó máa gbà wọ́n nímọ̀ràn, "honoraria" ni owó tí wọ́n ń fún un tó bá lọ bá wọn sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni "unrestricted grant", ìyẹn ni pé a fún wọn lówó o àmọ́ a ò dá sí iṣẹ́ wọn. Bẹ́nu bá jẹ, ojú á tì, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ kọ ọ́.

Ẹ má wá rò pé tí ìsàlẹ̀ bá ti mọ́, ọwọ́ náà mọ́ o, pàápàá tí ìwé ọ̀hún bá ti pẹ́. Ti ṣúgà ló kọ́ mi lọ́gbọ́n nípa èyí. Ní 1965, ẹgbẹ́ àwọn oníṣúgà ní Amẹ́ríkà, Sugar Research Foundation, gbé iṣẹ́ fún àwọn olùwádìí kan ní yunifásítì Harvard pé kí wọ́n bá àwọn yẹ gbogbo ìwádìí tó wà nílẹ̀ wò nípa ṣúgà, ọ̀rá àti àrùn ọkàn. $6,500 ni wọ́n san, tá a bá fi owó 2016 ṣírò ẹ̀ ó lé ní $48,000. Àwọn oníṣúgà fúnra wọn ló ṣa lára àwọn ìwé tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n sì ti ka ohun tí wọ́n kọ kó tó jáde. Nígbà tó máa fi jáde ní 1967 nínú New England Journal of Medicine, ọ̀rá ló ru gbogbo ẹ̀bi, ṣúgà yọ́ gba ẹ̀yìn jáde. Orúkọ àwọn oníṣúgà ò sí níbì kankan níbẹ̀, torí jọ́nà yẹn ò tíì máa bèèrè irú ẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn, 1984 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di dandan. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ọ́, Mark Hegsted, tún wá di ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oúnjẹ ní ilé-iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà. Ẹ wo bí ọ̀nà ṣe gùn tó láti orí $6,500. Ó di 2016 kí Cristin Kearns àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tó tẹ àwọn lẹ́tà yẹn jáde fáyé rí, inú àpótí ìwé àtijọ́ ní láíbìrì yunifásítì ló ti hú wọn jáde, oníṣègùn eyín sì ni obìnrin náà o! Ta ló tún mọ ìwà ṣúgà ju oníṣègùn eyín lọ.

Ohun tí mo wá kọ́ níbẹ̀ ni pé owó kì í sábà wá láti ra irọ́, ìbéèrè ló máa ń rà. Ẹ wo ti Coca-Cola. Wọ́n fi $1.5 mílíọ̀nù gbé ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí kan dìde tí wọ́n pè ní Global Energy Balance Network, ohun tí wọ́n sì ń tẹnu mọ́ ni pé àìṣeré ìdárayá ló ń mú kéèyàn sanra, kẹ́ ẹ yéé wo ohun tẹ́ ẹ̀ ń jẹ àti ohun tẹ́ ẹ̀ ń mu jù. Irọ́ ni pé eré ìdárayá dáa? Rárá, òótọ́ ni. Àmọ́ bí gbogbo yín bá ti ń jà lórí bóyá ká máa sáré tàbí ká máa rìn, ta ló ráyè igò ọtí ẹlẹ́rìndòdò mọ́? Ìwé ìròyìn New York Times ló tú u síta ní August 2015, ẹgbẹ́ yẹn ò sì ríbi parí ọdún, yunifásítì Colorado tó gba $1 mílíọ̀nù nínú owó ọ̀hún dá a padà. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń ka ìwádìí tí kọ́ńpìnì sanwó ẹ̀, ẹ bi ara yín pé ìbéèrè wo ni wọn ò bèèrè. Kí ni wọ́n fi ọjà wọn wé, ṣé oògùn tó dáa tó wà lórí àtẹ ni àbí omi lásán? Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ṣọ́ àwọn èèyàn yẹn? Ẹlòmíì tí kò gba owó wọn ti ṣe irú ẹ̀ rí, ṣé ohun kan náà ló rí? Àwọn tó ń ṣe oògùn náà ló máa ń sanwó ọ̀pọ̀ ìdánwò oògùn lágbàáyé, tá a bá ní ká da gbogbo ẹ̀ nù, kí la máa lò?

Tó bá jẹ́ oògùn, ẹ tún ya ClinicalTrials.gov. Láti 2000 ló ti wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ wọ̀n sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Ẹ wo "Primary outcome", kẹ́ ẹ wá ṣí ibi tí wọ́n ti ń fi àtúnṣe hàn. Tí wọ́n bá ní ikú àti àrùn ọkàn làwọn fẹ́ wọ̀n, tí ìwé wá jáde tó jẹ́ ìfúnpá nìkan ni wọ́n ń yọ̀ lé lórí, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ nìyẹn. Àwa ará Nàìjíríà náà mọ bó ṣe ń rí tí ìdánwò bá wáyé tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, ìjà kọ́ńpìnì oògùn Pfizer àti ìjọba Kánò lórí oògùn Trovan tí wọ́n fún àwọn ọmọdé lásìkò àrùn yírùnyírùn 1996, 2009 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi $75 mílíọ̀nù yanjú ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé dókítà Amẹ́ríkà ló ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò, ẹ tẹ orúkọ ẹ̀ sí Open Payments, sáìtì ìjọba wọn, ẹ máa rí gbogbo owó tí kọ́ńpìnì oògùn fún un, títí dórí oúnjẹ ọ̀sán.

Ó tún ku pátẹ́ǹtì, ibi tí mo fẹ́ràn jù, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń fún ẹni tó ṣe nǹkan tuntun ní ẹ̀tọ́ pé òun nìkan ló lè ṣe é tàbí tà á fún àsìkò kan. Ẹ lọ sí patents.google.com, ẹ tẹ orúkọ nǹkan ọ̀hún. "Inventor" ni ẹni tó ní òun ló ṣe é, "Assignee" ni ẹni tó ni ín gan-an, kọ́ńpìnì tàbí yunifásítì ló sì máa ń jẹ́. Ẹ wo "Priority date", ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá, ogún ọdún ni ẹ̀tọ́ yẹn máa ń sábà lò láti ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ dọ́gbọ́n sí i, ẹ tẹ orúkọ olùwádìí tó ń yin ewé kan síbi orúkọ inventor, ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀n ẹ máa bá òun náà níbẹ̀ pẹ̀lú pátẹ́ǹtì lórí ewé yẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni pé àkọlé ni wọ́n ń kà. Ẹ fò ó, "Claims" ni kẹ́ ẹ kà, èyí tó wà ní nọ́ńbà kìíní gan-an, torí ibẹ̀ nìkan ni òfin ń wò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé láti ibí dé ibí ni tiwa. Ní 1995, wọ́n fún ilé ìwòsàn yunifásítì Mississippi ní pátẹ́ǹtì lórí pé kéèyàn lo àtalẹ̀ pupa fún egbò. Àtalẹ̀ pupa! Ohun tí ìyá ìyá àwọn ará Íńdíà ti ń fi sójú egbò kí Amẹ́ríkà tó di Amẹ́ríkà. Ìjọba Íńdíà ò wulẹ̀ pariwo lásán, àjọ ìwádìí wọn CSIR kó ìwé méjìlélọ́gbọ̀n jọ, ìwé àtijọ́ ní èdè Sanskrit àti jọ́nà 1953 wà nínú ẹ̀, wọ́n fi hàn pé nǹkan yìí ti wà tipẹ́, nígbà tó fi máa di 1997 pátẹ́ǹtì yẹn ti wọ́lẹ̀. Ohun tó gbà wọ́n sílẹ̀ ni pé ó wà ní àkọsílẹ̀. Tí bàbá yín bá mọ ewé tí kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ síbì kan, ọwọ́ òfìfo lẹ máa gbé lọ bá wọn.

Ẹ wá tẹ "thaumatin" sí patents.google.com yẹn. Ewé eéran tá a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, èso pupa tó ń so nísàlẹ̀ nítòsí ilẹ̀, nǹkan dídùn tó wà lára kóró ẹ̀ yẹn ni. Ó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún… ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ n ṣàsọdùn, ìlọ́po bíi 2,000 ni. Àwọn olùwádìí Unilever ló yọ èròjà yẹn sọ́tọ̀ ní 1972, Tate & Lyle ló wá kọ́kọ́ tà á lórúkọ Talin. Àwọn pátẹ́ǹtì àkọ́kọ́ ti kú báyìí, àmọ́ ẹ máa rí i pé wọ́n ṣì ń gbé tuntun jáde lórí bí wọ́n ṣe lè ṣe é láìlo èso náà rárá.

Ẹ má sì ro pé pátẹ́ǹtì kan ni oògùn kan ń ní. Humira, oògùn làkúrègbé, ní pátẹ́ǹtì tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Amẹ́ríkà, ti àkọ́kọ́ parí ní 2016, síbẹ̀ January 2023 ni oògùn mìíràn tó jọ ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀nà wọjà níbẹ̀, nígbà tí Yúróòpù ti ń lo tiwọn láti October 2018. Kọ́ńpìnì kan náà, oògùn kan náà, lọ́yà ló yàtọ̀. Ó tún kù, tí ẹnì kan bá ń fi "a ní pátẹ́ǹtì ní Nàìjíríà" polówó àgbo fún yín, ẹ rántí pé bí ìwé ṣe pé tó nìkan ni òfin ní kí ọ́fíìsì wọn wò, wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá tuntun ni lóòótọ́, òfin ọ̀hún fúnra ẹ̀ sọ pé àwọn ò dúró fún un.

Ti òṣèlú ò gùn. Amẹ́ríkà ní OpenSecrets, ẹ tẹ orúkọ kọ́ńpìnì, ẹ máa rí iye tí wọ́n ná lórí àwọn tó ń bá wọn lọ́bì, ìyẹn àwọn tó ń bá wọn rọ ìjọba, àti olóṣèlú tó gbà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa kò sírú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń pariwo lẹ máa wò. Nígbà tí òfin ìnáwó 2021 fi ₦10 lé orí lítà ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọjà, MAN, kọ̀ jálẹ̀. Ẹ gbé ohun tí wọ́n sọ síbì kan, ẹ wá gbé ìwádìí tí wọ́n mú wá tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bí mo ṣe sọ.

Tẹ́ ẹ bá ní àsìkò lọ́jọ́ Sunday kan, ẹ lọ sí Industry Documents Library ti yunifásítì UCSF ní California, láíbìrì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó ìwé abẹ́lé àwọn kọ́ńpìnì sí. Lẹ́yìn àdéhùn 1998 láàárín àwọn onísìgá àti ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínláàádọ́ta ní Amẹ́ríkà, àwọn lẹ́tà abẹ́lé wọn di ti gbogbo ayé, ó sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá ìwé. Ọ̀kan wà níbẹ̀ láti 1969 tí kọ́ńpìnì sìgá kan ti kọ ọ́ pé iyèméjì ni ọjà tí àwọn ń tà. Ẹ tẹ "Nigeria" tàbí "Ibadan" sí i, ṣebí Ìbàdàn ni ilé-iṣẹ́ sìgá wà. Ẹ pọn omi sílẹ̀ o, ẹ ò ní tètè dìde.

Èyí tó le jù ni ẹgbẹ́ tí orúkọ wọn dún bíi ti aláàánú. ILSI (International Life Sciences Institute) fún àpẹẹrẹ, ẹ máa rò pé àjọ onímọ̀ nípa ìlera lásán ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá kan ní Coca-Cola, Alex Malaspina, ló dá a sílẹ̀ ní 1978. Fún irú èyí, ẹ wá orúkọ wọn lórí Nonprofit Explorer, sáìtì ilé ìròyìn ProPublica ní Amẹ́ríkà, ẹ ṣí Form 990 wọn, ìwé tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń ròyìn owó wọn fún ìjọba Amẹ́ríkà, ó máa fi iye tó wọlé hàn, àmọ́ wọ́n sábà máa ń pa orúkọ ẹni tó fún wọn rẹ́. Ibẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì parí sí. Ẹ kọ ímeèlì sí wọn, ẹ bi wọ́n tààrà pé ta ló ń fún yín lówó. Mo ti kọ sí ẹgbẹ́ mẹ́ta báyìí, ọ̀kan dáhùn.